Èmi rí fáùlù, rẹfirí ní kò sí: ẹ bá wa dá sí i

Kóòṣì Ifẹ̀

Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, àmọ́ inú ti ń bí mi látàná, mi ò sì rẹ́ni bá sọ ọ́ nílé torí ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ básíkẹ́ẹ̀tì mọ́ títí oṣù á fi parí.

Lánàá Sátidé la gbéra láti Ifẹ̀ lọ gbá fáínà ìdíje kan ní Iléṣà, tàwọn ọmọ tí ò tí ì pé ọdún 18. Ó ku sẹ́kọ́ọ̀ndì 38, àwa la wà níwájú, 51 sí 50. Ọmọ mi kan gba bọ́ọ̀lù, ó já wọlé lọ sábẹ́ pátákó, ọmọ tọ̀hún dúró síwájú ẹ̀, wọ́n kọlura gbàà, ọmọ mi nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Mo ti ń gbọwọ́ sókè pé a máa ju free throw méjì, jíjù tẹ́nì kankan ò ní dí wa lọ́wọ́. Rẹfirí fọn fèrè, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu àtẹ́lẹwọ́, ó ní charge ni, pé ọmọ tèmi ló jẹ̀bi!

Ẹ gbọ́, mi ò mọ ìgbà tí mo dé àárín kọ́ọ̀tù. Ìgbà tí mo máa fi mọ̀, ó ti fún mi ní tẹ́kíníkà, fáùlù tí wọ́n ń fúnni torí ìwà. Wọ́n ju free throw kan, ó wọlé, 51 sí 51, wọ́n tún gba bọ́ọ̀lù, wọ́n sọ ọ́ wọlé. 53 sí 51. Ó parí. Láti Iléṣà títí a fi kọjá Òṣú kò sọ́mọ tó lanu nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó ṣubú yẹn kàn ń fọwọ́ pa ìgbápá ẹ̀.

Fídíò ẹ̀ wà lórí fóònù mi. Mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá, fáùlù ni mo ṣì ń rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, kí làwọn rẹfirí ń rí táwa ò rí? Àbí wọn ò kàn ríran dáadáa ni? Báwo lèèyàn ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọn ò ní fún un ní tẹ́kíníkà?

Nọ́ńbà 11

Kóòṣì, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ wọ ilé onílé lọ, ẹ lọ gbá fáínà ní Iléṣà, ẹ tún fẹ́ gbé ife bọ̀ ní Ifẹ̀? 😂

Fèrè Méjì

Èmi máa ń fọn fèrè ní Iléṣà ńbí, nígbà míì wọ́n á pè mí sí Òṣogbo, àmọ́ èmi kọ́ ni mo wà nídìí géèmù yẹn o, kẹ́nì kankan má wá mi wálé.

Kóòṣì, ẹ jẹ́ n bi yín. Nígbà tọ́mọ yín ń já wọlé, kí lẹ ń wò? Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni. Gbogbo èèyàn tó wá síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò, torí òun ló dùn-ún wò. Àwa nìkan ni ò gbọ́dọ̀ máa bá a sáré kiri. Tá a bá jẹ́ méjì, ọ̀kan á wà lábẹ́ pátákó, òun là ń pè ní lead, ìkejì á wà lẹ́yìn, òun ni trail, a ti pín kọ́ọ̀tù láàárín ara wa ká tó bẹ̀rẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá kúrò níbi tèmi, mi ò ní fojú tẹ̀ lé e, àwọn tó kù tí wọ́n ń fa jẹ́sì ara wọn níbi tèmi ni màá mójú tó. Ẹ̀yin á wá máa pariwo pé "rẹfirí, o ò rí i ni?" Òótọ́ ni, mi ò rí i, kì í ṣe ibi tó yẹ kójú mi wà nìyẹn. Ìkejì mi ló ni ín.

Tó bá wá jẹ́ pé ibi tèmi náà ni bọ́ọ̀lù wà, ẹni tó ń máàkì ni mo máa kọ́kọ́ wò, mi ò ní wo ẹni tó mú bọ́ọ̀lù. Ṣó ti dé ibẹ̀? Ṣó kọjú sẹ́ni tó ń bọ̀, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ méjèèjì sì ti kanlẹ̀ kẹ́ni tó ń bọ̀ tó fò? Tó bá ti gbabẹ̀, tí wọ́n sì kọlu ú láyà, ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ló jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ti wà lókè kí tọ̀hún tó sáré wá kó sábẹ́ ẹ̀, tọ̀hún ló jẹ̀bi, block nìyẹn. Ẹni tó ṣubú, ẹni tó kígbe, ẹni tó ṣe ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ò sí lára ohun tá a fi ń dájọ́ ẹ̀.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ tún gbé fídíò yẹn, ẹ fi àtàǹpàkò bo bọ́ọ̀lù mọ́ ojú fóònù, bó bá ṣe ń lọ kẹ́ ẹ máa fi àtàǹpàkò yẹn tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ máa wo ẹsẹ̀ ọmọ tọ̀hún nìkan. Kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí fún wa.

Òṣómàáló

Àbúrò mi Kóòṣì Ifẹ̀, pẹ̀lẹ́ o. Mo ti jẹ irú ìyà yẹn rí, mo tún ti fi jẹ ẹlòmíì, torí ọdún 11 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kí orúnkún tó ní kí n jókòó, ìgbà yẹn ni mo lọ gba fèrè. Ìhà méjèèjì ni mo ti wà rí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe àwa kóòṣì. Láti Mọ́ńdè títí dé Fúráídè lo ti ń kọ́ wọn ní ibi tí wọ́n máa gbà. Kọ́mọ yẹn tó gbẹ́sẹ̀ lo ti mọ ibi tó ń lọ, o ti rí bọ́ọ̀lù nínú nẹ́ẹ̀tì. Ohunkóhun tó bá wá dí i lọ́nà, lójú tìẹ, olè ni, ó fẹ́ gba ohun tó o ti kà mọ́ owó. Rẹfirí ò mọ ètò kankan tó o ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ẹ̀ lójú ẹ̀ mọ. Tó bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, wàhálà tún ni. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba fèrè, mo ṣì jẹ́ kóòṣì jù. Ọmọ kan lọ dúró ṣe screen fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé ó fara dí ẹni tó ń máàkì ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́nà, mo mọ irú ọmọ yẹn, mo ti kọ́ irú ẹ̀ rí, mo mọ̀ pé ó máa sọ ìdí síta, mo ti fọn fèrè kí ìdí tó jáde. Ìdí ò jáde o. Ọmọ dúró gbagidi bí òpó iná. Gbogbo pápá hó lé mi lórí, mi ò rí ibi fojú sí, mo kàn ń fọwọ́ juwe nǹkan tí ò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará tábìlì, àwọn tó ń kọ àmì àti fáùlù sílẹ̀.

Ohun kejì, kóòṣì kì í gbàgbé gbèsè. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló, àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, tówó bá di wàhálà, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé àwọn ò ní dìde àfi táwọn bá gbowó. Bí kóòṣì ṣe ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù nìyẹn. Fáùlù tí wọn ò fọn fún un ní kúọ́tà kìíní, ìyẹn ìdá kìíní nínú mẹ́rin tí wọ́n pín géèmù sí, ó ṣì lóṣòó tì í ní kúọ́tà kẹrin. Rẹfirí ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàgbé, torí tó bá rántí, á fẹ́ san án padà, ẹni tó bá sì ti ń fi fáùlù irọ́ san gbèsè ti jẹ gbèsè méjì.

Nípa bó o ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀: bi wọ́n ní nǹkan, má dájọ́ fún wọn. "Fáùlù nìyẹn jàre!" ìdájọ́ nìyẹn, kò sóhun tó fẹ́ fi dá ọ lóhùn ju kó wojú ẹ. Àmọ́ tó o bá ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kanlẹ̀?" ó máa dá ọ lóhùn, torí ohun tí òun náà ń rò lórí nìyẹn. Dúró kí bọ́ọ̀lù kú, kí aago dúró, kó o tó sọ ọ́. Má sì sọ gbogbo ẹ̀, mú ẹyọ kan ní kúọ́tà kan. Kóòṣì tó bá ń pariwo sí gbogbo fèrè, rẹfirí á ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ariwo kan náà ni.

Tábìlì Lèmi

Ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi torí kò sẹ́ni tó ń rántí àwa tá a jókòó sí tábìlì, àfi tí iye àmì ẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti orí yín.

Èmi ni mo máa ń kọ ìwé. Ohun tí kóòṣì máa ń rò pé rẹfirí fi ń fìyà jẹ òun, ìdajì ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò mọ ohun tó wà nínú ìwé níwájú mi ni. Wọ́n á máa pariwo "time-out! time-out!" pé kí wọ́n dá géèmù dúró díẹ̀ fún àwọn, sí rẹfirí tó ń sáré lọ, rẹfirí ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Tábìlì lẹ máa wá, ìwọ kóòṣì tàbí igbákejì ẹ, wá bá wa, sọ pé o fẹ́ ẹ, kó o wá dúró kí bọ́ọ̀lù kú kí aago sì dúró, tàbí kí àwọn tọ̀hún sọ bọ́ọ̀lù wọlé yín. Méjì lẹ ní ní ìdajì àkọ́kọ́, mẹ́ta ní ìdajì kejì, tó bá wá ku ìṣẹ́jú méjì kí kúọ́tà kẹrin parí, nínú mẹ́ta yẹn ẹ ò lè lò ju méjì lọ. Mo ti rí kóòṣì tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa mọ́ bí owó àjọ, ìgbà tó fẹ́ kó o, ọ̀kan ti bómi lọ.

Fáùlù tíìmù náà, ẹ máa bi wá. Mẹ́rin ní kúọ́tà kan, èyí tó bá tẹ̀ lé e, free throw méjì ni, ì báà jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn ò tiẹ̀ fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Kóòṣì á sọ pé "kékeré nìyẹn, kí ló dé tí wọ́n ń ju free throw?" Ẹ ti jẹ mẹ́rin tán ni o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń sọ pé ẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn lẹ́yìn géèmù, ìṣẹ́jú 15 ni. Kápútéènì yín ló máa sọ fún rẹfirí àgbà, á sì fọwọ́ síwèé lójú ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe ìwọ kóòṣì, kì í sì í ṣe lórí WhatsApp lọ́jọ́ kẹta.

Kóòṣì Ifẹ̀

Ẹ ṣé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé aunty tábìlì, mi ò mọ ti ìṣẹ́jú 15 yẹn rárá.

Mo ti fi àtàǹpàkò bo bọ́ọ̀lù. Mi ò purọ́, ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí mi ò rí ọmọ yẹn rí nínú fídíò náà, mo kàn ń rí nǹkan tó dí ọmọ mi lọ́nà. Ó ti wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó kọjú sí i. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Fèrè Méjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ṣì ń rìn! Kò dúró jẹ́ẹ́. Mo dá fídíò yẹn dúró, ẹsẹ̀ yẹn wà lókè díẹ̀. Ẹni tí ò dúró, báwo ló ṣe gba ibẹ̀?

Fèrè Méjì

Ẹ ti débi tí gbogbo kóòṣì máa ń dé. Òfin ò sọ pé kó dúró bí ère. Ó ní kó kọ́kọ́ gba ipò ẹ̀, kójú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bọ̀, kẹ́sẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Tó bá ti gbà á tán, ó lè rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè fà sẹ́yìn, ó lè fò sókè níbi tó wà, ó tiẹ̀ lè yí ara kó má bàa fara pa. Ohun tí ò lè ṣe ni kó rọ́ lọ síwájú lọ bá a. Ibo lẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ni àbí iwájú?

Kóòṣì Ifẹ̀

Ẹ̀gbẹ́.

Nọ́ńbà 11

Yéè! Kóòṣì wa ti sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ti dájọ́ 😂

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹfirí, èmi tí mo ń gbá a, ẹ ṣàlàyé fún mi, kí ló dé tí wọ́n á gbá mi lọ́wọ́ wọn ò ní fọn, àmọ́ témi bá gbọ́wọ́ sókè lásán wọ́n á fọn fún mi?

Fèrè Méjì

Ìwọ àti ọwọ́ ẹ. Ká ní inú àgbá lo wà, àgbá tó ga láti ilẹ̀ dé òkè. Iwájú àgbá yẹn dé ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ wà, ẹ̀yìn ẹ̀ dé ìdí ẹ, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò ju ibi tápá àti ẹsẹ̀ ẹ mọ lọ. Gbogbo yín lẹ gbé àgbá tiyín rìn. Tó o bá na ọwọ́ sókè gbọnrangandan nínú àgbá tìẹ, ẹni tó bá wá kọlu ọwọ́ yẹn ló wá bá ọ nílé. Tó o bá rọ ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò, ìwọ lo wọ àgbá onítọ̀hún. Ohun tá à ń wò nìyẹn. Fífara kanra kì í ṣe fáùlù lásán, èèyàn 10 ni wọ́n ń sáré lórí kọ́ọ̀tù mítà 28 sí 15, wọn ò lè má fara kanra. Ṣó gba nǹkan kan lọ́wọ́ onítọ̀hún láìtọ́? Tí ò bá gba nǹkan kan, mo lè gbé fèrè sẹ́nu kí n má fọn ọ́n. Ibẹ̀ lẹ̀yin kóòṣì ti máa ń rò pé a sùn.

Òṣómàáló

Ọ̀gá Fèrè, òótọ́ lo sọ, àmọ́ ẹ̀yin náà ní tiyín, má jẹ́ ká da gbogbo ẹ̀ lé ọmọ yìí lórí. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Rẹfirí míì wà, tí kóòṣì bá fi ọ̀wọ̀ bi í, á kàn wo ọ̀run, á sáré lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, "ẹsẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀", o ò lè sọ ọ́? Òmíràn, tó bá mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe, dípò kó ní "mo pàdánù ìyẹn, ẹ má bínú", á dúró kí òdìkejì náà fọwọ́ kanra díẹ̀ kó lè fọn án fi dọ́gba. Kóòṣì á ti rí i. Kò sóhun tí kóòṣì tètè ń rí tó ìyẹn.

Fèrè Méjì

Mo gbà sà. Èmi náà ti ṣe é rí, ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Kóòṣì Ifẹ̀

Ẹ dúró ná, ẹ dúró. Nǹkan míì wà. Mo tún ti wo fídíò náà, abẹ́ pátákó gan-an lọmọ yẹn dúró sí. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣé kì í ṣe pé ilà róbótó kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọn kì í fọn charge nínú ẹ̀? Kọ́ọ̀tù tá a lò kò ní ilà yẹn rárá, ilà free throw gan-an ti pa rẹ́ lápá kan.

Fèrè Méjì

Áà. Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ ìyẹn látàárọ̀.

Ìdajì róbótó yẹn, mítà 1.25 ni láti abẹ́ àárín ihò apẹ̀rẹ̀. Tẹ́ni tó ń máàkì bá dúró síbẹ̀, tẹ́ni tó mú bọ́ọ̀lù já wọlé tó sì ti wà lókè, a kì í fọn charge, àfi tẹ́ni tó fò bá fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tàbí ara ṣe nǹkan tí ò bófin mu. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kẹ́nì kan má kàn lọ dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ máa dúró de ẹni tó máa wó lù ú. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló wà lóòótọ́, á jẹ́ pé rẹfirí tiwa ló ṣì í. Àmọ́ láti ibi tẹ́ ẹ ti ya fídíò, ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì, ẹ ò lè fi mọ mítà kan sí mítà kan ààbọ̀, rẹfirí náà kò sì ní ilà tó máa wò. Ojú ló fi wọ̀n ọ́n.

Òṣómàáló

Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ ti yanjú kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Èmi, tí mo bá dé kọ́ọ̀tù tí ò ní ilà, okùn kan wà nínú báàgì mi, mo ti ta kókó sí i ní mítà 1.25, ọmọ kan á di ìdí ẹ̀ mú lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, màá fi ẹfun yí i po. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Màá pe rẹfirí méjèèjì àti kóòṣì tọ̀hún kí wọ́n wò ó. Ilẹ̀ tó bá rọ̀, tí òjò bá ti kán sí apá kan, a máa ń fẹnu kò lórí ìyẹn náà. Ká lọ wá nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tó ku sẹ́kọ́ọ̀ndì 38, ó ti bọ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé kọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kò sí lọ́yà níbẹ̀.

Jẹ́gẹ́dẹ́ OAU

Ẹ jẹ́ n já lù yín. Lókè lọ́hùn-ún, kóòṣì lè ní kí wọ́n padà wo fídíò lẹ́ẹ̀kan nínú géèmù, àwa ò ní ju ojú lọ. Lọ́dún 2024, nígbà tí D'Tigress, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, na Australia 75 sí 62 ní Lille nínú Olympics ti Paris, inú yàrá kan la ti wò ó, èèyàn bí ogún mọ́ fóònù kan àti laptop kan, gbogbo wa la di rẹfirí, gbogbo fèrè tí wọ́n fọn sí wa burú, gbogbo èyí tí wọ́n fọn sí Australia dáa. Kò sí kóòṣì kankan láàárín wa o. Ohun téèyàn ń fẹ́ lojú ẹ̀ ń rí.

Mo tún kà á níbì kan nínú òfin 13 tí James Naismith kọ́kọ́ kọ ní 1891, nígbà tó gbé apẹ̀rẹ̀ èso kọ́ ní Springfield ní Amẹ́ríkà, èèyàn méjì ló yàn: ọ̀kan ń dájọ́ àwọn tó ń gbá a, òun ló ń kọ fáùlù sílẹ̀, ìkejì ń dájọ́ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀, èèyàn lọ́tọ̀! Ohun tí bọ̀dá Fèrè Méjì ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Fèrè Méjì

O ṣeun ọmọ mi. Mi ò mọ pé ó pẹ́ tó yẹn.

Ìyá Point Guard

Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ mi ń gbá a fún kóòṣì kan, kì í ṣe tẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin kóòṣì, ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe lọmọ ń kó wálé. Tèmi, mo ní kó lọ fọ abọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì síta, ó la ojú, ó ní "kí ni mo ṣe?" bí ẹni tí wọ́n fọn fèrè fún. Ìgbátí ni mo fi dá a lóhùn.

Nọ́ńbà 11

Mama, tẹ́kíníkà 😂😂

Tábìlì Lèmi

Ẹ rántí pé ti kóòṣì, tó bá pé méjì lórí ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó máa fi pápá sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀ ló ń bú èèyàn, orí ẹ̀ náà la máa kọ ọ́ sí, tí gbogbo ẹ̀ bá wá para pọ̀ di mẹ́ta, ó ń lọ. Torí náà kó o dákẹ́ ò tó, kó o pa igbákejì ẹ àti àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu mọ́.

Òṣómàáló

Ìkan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ travel, ìyẹn kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù rìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin kóòṣì tó ń pariwo "ẹsẹ̀ mẹ́ta! ẹsẹ̀ mẹ́ta!", láti October 2017 ni FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ti tún òfin yẹn ṣe. Ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù nígbà tó ń sáré lọ, ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà tó mú un, òdo ni, wọn ò kà á, méjì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń kà. Èmi gan-an ṣì ń pariwo ẹ̀ ní 2018, títí rẹfirí kékeré kan tó lè jẹ́ ọmọ mi fi fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún mi níwájú tábìlì, òdo, ọ̀kan, méjì. Ojú tì mí, mo ra kóòkì fún un.

Àbúrò, ohun tí màá ní kó o ṣe nìyí, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí fídíò mọ́. Ní Tọ́sìdeè, nígbà táwọn ọmọ ẹ bá pín ara wọn sí méjì, gbé fèrè. Ìwọ fọn ọ́n fún ìṣẹ́jú 10, bíi kúọ́tà kan. Má kọ́ wọn ní nǹkan kan láàárín ìyẹn, má sọ "gbà á síbí", fèrè nìkan. Kó o padà wá ròyìn.

Kóòṣì Ifẹ̀

Màá ṣe é sà.

Kóòṣì Ifẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ti àkọ́kọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀. Ẹnu mi gbẹ láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fọn fáùlù kan, mo yíjú sí tábìlì láti fọwọ́ ka nọ́ńbà ẹ̀ fún wọn, mi ò rántí nọ́ńbà náà, ọmọ tèmi o, tí mo ń pè lórúkọ lójoojúmọ́. Mo ní "ìwọ yẹn, ìwọ tó ga." Mẹ́ta nínú wọn ló nawọ́. Mo tún ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù bí ajá tó rí mọ́tò, tí mo bá fi máa wo ẹ̀yìn, ẹnì kan ti wà nílẹ̀, gbogbo wọn á máa wojú mi. Mi ò rí nǹkan kan. Mo kàn ní kí wọ́n máa gbá a lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu pé "gbà á sẹ́gbẹ̀ẹ́!" fèrè jábọ́.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì sàn díẹ̀. Mo pinnu pé ẹsẹ̀ ẹni tó ń máàkì nìkan ni mo máa wò. Charge kan ṣẹlẹ̀, irú ti Iléṣà yẹn gan-an, mo rí i kedere, tọ̀hún ti gbabẹ̀, mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu àtẹ́lẹwọ́. Ṣé ẹ mọ ẹni tó já wọlé? Ọmọ tó ṣubú ní Iléṣà. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síta, ó bá mi dé ojú, ó ní "Kóòṣì, ẹ ò rí i ni?"

Mo ní "ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kanlẹ̀." Ó ní "ó ń rìn!" Mo ní "sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni." Ó wò mí títí, ó lọ.

Mo ti ra okùn, mo ti ta kókó sí i. Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló, ṣé ẹ lè wá sí Ifẹ̀ ní Tọ́sìdeè tó ń bọ̀? A máa san owó mọ́tò yín láti Iléṣà. Kẹ́ ẹ sì mú fèrè yín dání, èyí tí mo ní, wóró tó wà nínú ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ itọ́, kò dún mọ́.

Òṣómàáló

Mò ń bọ̀. Ra kóòkì sílẹ̀.